Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Wákàtí Mélòó Ni Owó Oṣù Yín Ń Rà?

Lẹ́tà mẹ́rin ló dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Mararaba, Gwarinpa àti Garki lágbègbè Àbújá, àti láti Kaduna. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: iṣẹ́ tó ń gba èèyàn láti kùtùkùtù di òru, ṣé owó rẹ̀ tó o?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Garki ni mo wà báyìí: ₦350,000 lóṣù, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Mararaba ni mò ń gbé, ₦600,000 ni owó ilé mi lọ́dún. Wákàtí méjì ni àlọ, wákàtí méjì ni àbọ̀. ₦1,000 lọ, ₦1,000 bọ̀. Ilé-iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ kan ní Central Area fẹ́ gbà mí ní ₦600,000. Àmọ́ aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe Sátidé láti mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Lálẹ́, dírọ́ọ̀pù ₦5,000 ni màá máa gbé, nítorí ẹ̀rù ọkọ̀ one chance ń bà mí. Oúnjẹ alẹ́ á tó ₦2,500. Bàbá mi ní kí n má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. — Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Mararaba

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, má tíì fọwọ́ síwèé. ₦250,000 tí bàbá rẹ rí pé ó lé yẹn, kò ní dé ọwọ́ rẹ bẹ́ẹ̀. Mú bírò, ká jọ ṣe é.

Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá rí lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà. Lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀, wọ́n á ti kọ́kọ́ yọ owó penṣọ̀n rẹ, tó jẹ́ ìdá 8, àti ìdá 20 nínú owó ilé tí o san, àmọ́ ti owó ilé yìí kò lè kọjá ₦500,000. Tọ́jú rìsíìtì lánlọ́ọ̀dù rẹ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gba rìsíìtì, wọ́n á wá máa san owó orí tí kò yẹ kí wọ́n san.

Ká gbà pé gbogbo owó oṣù rẹ ló wọnú ìṣirò penṣọ̀n. Níbi tí o wà báyìí, owó orí á mú ₦38,660 lóṣù, penṣọ̀n á mú ₦28,000. Yọ owó ọkọ̀ ọjọ́ 22, ₦44,000. Ó ku ₦239,340. Níbi tuntun, owó orí á di ₦80,060, penṣọ̀n ₦48,000. Owó ọkọ̀ á jẹ́ ₦6,000 lójúmọ́, pẹ̀lú ₦2,000 fún Sátidé kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ lóṣù jẹ́ ₦140,000. Oúnjẹ alẹ́, ₦55,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ ni ₦276,940. Nínú gbogbo ₦250,000 yẹn, ₦37,600 ló dé àpò.

Wákàtí ńkọ́? Nísinsìnyí, wákàtí 45 lẹ́nu iṣẹ́ àti 20 lójú ọ̀nà, 65 lọ́sẹ̀. Lọ́hùn-ún, 73 ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà á yá díẹ̀ torí pé wàá máa jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya tó le, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí o tó máa padà, nítorí náà ká fi í sí 14 ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Lóṣù, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti díẹ̀, 281 nísinsìnyí, 381 lọ́hùn-ún. Pín owó fún wákàtí: ₦850 ni wákàtí kan ń mú wọlé fún ọ báyìí, ₦727 ni yóò máa mú wọlé níbi tuntun. Ọgọ́rùn-ún wákàtí tí o fẹ́ fi kún un, ₦376 ni wọ́n ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà nìyí. Owó tó wà nínú lẹ́tà ni wọ́n ń wò, wákàtí tó wà nínú lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń pín in. Wọn kì í ka ọ̀nà mọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló gbé wọn dójú ọ̀nà.

Àmọ́ a ò ní kí o kọ̀ ọ́. Ohun kan wà tí ìṣirò òkè yìí kò kà: owó penṣọ̀n kò sọnù, tìrẹ ni. Agbanisíṣẹ́ náà ń fi ìdá 10 tirẹ̀ sí i, nítorí náà níbi tuntun, ₦45,000 ni yóò máa lé lóṣooṣù nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni ohun tí iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ń kọ́ èèyàn. Lọ́dún méjì, wàá ti rí ìwé owó ilé-iṣẹ́ ogún, níbi tí ìwọ ń rí ti ẹyọ kan ṣoṣo báyìí. Ohun tí wákàtí wọ̀nyẹn ń rà gan-an nìyẹn. Bí kò bá sí ẹ̀kọ́ àti ìgbéga nínú rẹ̀, ₦376 ni, kò sì tó.

Nítorí náà, bi wọ́n léèrè kí o tó dáhùn. Àwọn tó wọlé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mélòó ló ṣì wà, ipò wo ni wọ́n sì wà? Tí olùdarí bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ti kúrò. Ṣé aago mẹ́sàn-án alẹ́ jálẹ̀ ọdún ni, àbí oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin nìkan, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó parí ọdún ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ń ṣe ìwé wọn? Bí ó bá jẹ́ oṣù mẹ́rin péré, gbogbo ìṣirò wa yí padà. Ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, máa ń wáyé ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá: ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún ẹni tó fẹ́ ṣe é, ta ló sì ń san owó rẹ̀? Gba ìdáhùn wọ̀nyí sórí ìwé. Béèrè mọ́tò tí yóò máa gbé òṣìṣẹ́ lọ sílé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, tàbí owó rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń gbà fúnni láìjanpata ni, ẹnì kan ò kàn béèrè ni.

Ilé tún wà. Bí o bá rí BQ nítòsí ọ́fíìsì tí ọ̀nà fi dín sí wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, tí owó ọkọ̀ sì di ₦40,000 lóṣù, o lè san tó ₦1,800,000 lọ́dún láìsí pé owó ọwọ́ rẹ dín. Owó orí á sì fi bíi ₦3,600 lọ sílẹ̀ lóṣù nítorí owó ilé tó pọ̀ sí i. Wákàtí rẹ á padà sí ₦836, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àná dọ́gba. Ìṣòro rẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù Àbújá á gba ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn méjì, owó oṣù kìíní rẹ kò sì tíì wọlé. Bẹ ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n yá ọ lówó ilé, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ìmọ̀ràn wa ni pé kí o dúró níbi tí o wà, kí o sì máa wá òmíràn.

Ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ń bá àjọ kan tí olú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní Maitama. Owó wà, mi ò purọ́. Ilé tiwa là ń gbé. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá, mọ́kànlá alẹ́ ló ń wọlé, lọ́jọ́ Àìkú ó tún máa ń ṣí kọ̀ǹpútà. Bí fóònù bá dún nídìí oúnjẹ, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin á ní, “Washington ni.” Kí ni ẹni tó ti ní tó báyìí tún ń wá? — Ìyá Àdùkẹ́, Gwarinpa

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì pè é ní ojúkòkòrò.

Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, John Maynard Keynes, kọ ọ́ ní 1930 pé tó bá fi máa tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ọrọ̀ á ti pọ̀ débi pé wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ máa kù. Ọrọ̀ náà pọ̀, ìsinmi ni kò dé. Ìdí kan ni pé bí owó wákàtí ẹni bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi ń wọ́n sí i. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ jẹ́ ₦800, tó bá jókòó sílé ní ìrọ̀lẹ́, ₦800 ló fi jókòó. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ₦15,000 á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni ń sọ owó nù.

Ìdí kejì ni pé iṣẹ́ wọn kò ṣeé kà. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, nírọ̀lẹ́ ẹ lè ka búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń kọ ètò, tó ń ka ìwé, tó ń ronú, báwo lẹ ṣe máa kà á? Ọ̀gá tí kò lè ka iṣẹ́ á máa ka wákàtí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ń dìde kí ọ̀gá tó dìde, àní nígbà tí iṣẹ́ ti tán. Ìjókòó ọ̀gá kan ló sì wà, àwọn mẹ́fà ló ń wò ó, kálukú ń fi pípẹ́ lọ́fíìsì hàn pé òun lòun yẹ.

Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2023, ti yẹ irú iṣẹ́ yìí wò dáadáa. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹni tó bá fi wákàtí ìlọ́po méjì sí i máa ń gbà ju ìlọ́po méjì owó lọ, torí pé ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni kí a lè rí èèyàn nígbàkigbà tí a bá pè é. Nínú tọkọtaya, ẹnì kan á lọ gba irú iṣẹ́ yẹn, ẹnì kejì á fara mọ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré kí ilé má bàa ṣófo. Ìyàwó ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ló ń gbé àwọn ọmọ láti ilé-ìwé, kí lẹ sì fi sílẹ̀ kí ẹ tó lè máa ṣe é? Iye yẹn wà lára owó oṣù ọkọ yín. Ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá òun nìkan ló ń gbé ẹbí. Àìmọye ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ dòru ní Àbújá ló jẹ́ pé owó ilé-ìwé àbúrò mẹ́ta, oògùn ìyá àti owó ìpàdé ọmọ ìlú ń bọ̀ lọ́rùn wọn. Ẹ má ṣe bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín sọ yẹn ló fi ibi tí ọ̀bẹ ti lè wọlé hàn wá. Aago tiwa kì í yí padà; ti Amẹ́ríkà ń yí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, wákàtí márùn-ún ni Àbújá fi ṣíwájú Washington. Nígbà òtútù wọn, wákàtí mẹ́fà ni. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí wọ́n ń wọ ọ́fíìsì lọ́hùn-ún, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ló jẹ́ níbí. Tí wọ́n bá máa ṣíwọ́ ní márùn-ún, aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ ti lù ní Maitama. Ẹ rí i pé aago tí ọkọ yín ń wọlé gan-an nìyẹn. Tó bá tún jáde nílé láago mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ìlú méjì ló ń ṣe, tiwa àti tiwọn.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni kí wọ́n kó gbogbo ìpè Washington sí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, láàrin aago méjì sí márùn-ún ọ̀sán tiwa. Lọ́jọ́ tí ìpè bá máa pẹ́, kó máa wọṣẹ́ láago mọ́kànlá, tàbí kó gbà á nílé. Ẹ̀yin náà ẹ ra ẹ̀rọ iná tí yóò gbé íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́ta. Àìsí iná lálẹ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró lọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà, kó yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní gbé fóònù iṣẹ́ láti aago mẹ́fà, kí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ mọ alẹ́ náà, kí ẹnì kan sì wà tí yóò dúró fún un lálẹ́ náà. Leslie Perlow ti Harvard dán irú èyí wò pẹ̀lú àwọn agbaninímọ̀ràn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníbàárà kò bínú, àwọn òṣìṣẹ́ sì fẹ́ràn iṣẹ́ wọn sí i. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí èèyàn ṣe é lóun nìkan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé tí yóò fi wó.

Ẹ má bá a sọ ọ́ lálẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Sátidé láàárọ̀ ni kí ẹ sọ ọ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Kí ẹ sì máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu pé àrùn ọkàn yóò pa á fi ìdá 17 jù. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá tó ń wọ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé apá lé tábìlì, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá ń tó 135 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ń tó 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Èyí kò ṣeé dúró dè kí iṣẹ́ fúyẹ́.

Ẹ̀yin olóòtú, bánkì kan ní Kaduna ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Aago mẹ́jọ sí márùn-ún ló wà nínú lẹ́tà mi, méje sí mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń ṣe. Kọ́bọ̀ kò lé. Kí ni òfin sọ? — Adéọlá, Kaduna

Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, sọ pé àdéhùn láàrin ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ ló ń pinnu wákàtí iṣẹ́, ohunkóhun tó bá kọjá rẹ̀ sì jẹ́ àṣelé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tó tó wákàtí kan, kó sì ní ọjọ́ kan gbáko nínú ọjọ́ méje. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ abala 91 òfin náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kúrò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ wà lára àwọn tí ó yọ. Ìyẹn ni pé lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ yín ni òfin yín. Ẹ kà á títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí gbólóhùn kan bá wà níbẹ̀ pé ẹ lè ṣiṣẹ́ kọjá àsìkò “bí iṣẹ́ bá béèrè,” owó àṣelé á ṣòro gbà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ máa kọ ọjọ́, aago tí ẹ wọlé, aago tí ẹ jáde, ẹni tó ní kí ẹ dúró, àti ohun tí ẹ dúró ṣe. Ẹ má ya fọ́tò àkáǹtì oníbàárà kankan, ẹ má fi lẹ́tà bánkì ránṣẹ́ sí í-meèlì tiyín. Wọ́n lè fi ìyẹn lé yín dànù, ẹjọ́ tiyín á sì bàjẹ́. Ẹ ó rí i nínú ìwé náà pé gbogbo ọjọ́ kọ́ ló rí bákan náà. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ tí owó oṣù ìjọba wọlé, ìparí oṣù: àwọn ọjọ́ tí owó inú dúrọ́ọ̀ kì í bá ìwé mu nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè lọ títí wọn yóò fi rí ₦2,000 tó sọnù.

Máníjà ẹ̀ka kò láṣẹ lórí owó oṣù, àmọ́ ó láṣẹ lórí róṣítà. Nítorí náà, ẹ má béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí ni kí ẹ béèrè: kí àwọn òṣìṣẹ́ pín sí ọ̀wọ́ méjì tí yóò máa gba iṣẹ́ pípẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ẹni tó pẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè máa wọṣẹ́ láago mẹ́wàá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fọwọ́ sí i. Ti owó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bánkì, ASSBIFI (ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà) tàbí NUBIFIE. Bí ó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, National Industrial Court ni ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú rẹ̀. Ẹ wá lọ́yà tó mọ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tán, ìwé àkọsílẹ̀ yín nìkan lẹ ó ní lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, ìpele 12, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Àjọ aládàáni kan fẹ́ fún mi ní ìlọ́po mẹ́ta owó mi, fún iṣẹ́ ọdún méjì, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n lọ? — Ìyá tó ń bọ̀, Garki

Ìlọ́po mẹ́ta fún ọdún méjì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe títí di ẹni 60 ọdún tàbí títí iṣẹ́ fi pé ọdún 35. Ẹ béèrè ibi tí owó iṣẹ́ náà ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó USAID, àjọ rẹ̀ tó ń ran ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, dúró, iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ owó yẹn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àjọ ní Àbújá dúró láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ń wá láti ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ ka iṣẹ́ náà sí ọdún kan dípò méjì nígbà tí ẹ bá ń ṣírò.

Àmọ́ ti oyún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀sẹ̀ 16 ni ìsinmi ìbímọ, pẹ̀lú owó oṣù pípé. Lọ́dọ̀ aládàáni, ohun tó kéré jù tí Labour Act là kalẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ìdajì owó, fún ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ kó tó lọ. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, oṣù mẹ́rin péré lẹ ó ti lò nígbà tí ọmọ bá dé. Ẹ ní kí wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ yín sí ẹ̀yìn ìbímọ, tàbí kí wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó pípé sínú lẹ́tà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.